Ìjánu Ọwọ́ Ìyá Ọkọ

"Ìwọ kò tẹ ìjánu," ni ẹ̀rọ ògbufọ̀ náà wí. "Iná pupa tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwọ jókòó. Ìwọ ń wòran."

Mo wo obìnrin tó gbé ẹ̀rọ náà kọ́ àyà. Ìyáàfin Kaisa ni wọ́n ń pè é, ọmọ ilẹ̀ Fínláǹdì, òun sì ni alábòójútó gbogbo ìjánu, bọ́tìnnì tí à ń fi pa ẹ́ńjìnnì láti ẹ̀gbẹ́ pápá, nínú ìdíje eré alùpùpù àgbáyé yìí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó tilẹ̀ tẹrí ba díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, nítorí náà ó dá mi lójú pé ohun tó sọ lédè tirẹ̀ ní ọ̀wọ̀ nínú. Ẹ̀rọ ló sọ mí di ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ yìí ní Yorùbá, wọn ò tíì mọ ẹni tí à ń kúnlẹ̀ kí.

"Bá mi sọ fún un," mo wí fún Ìṣọ̀lá ọmọ mi, "pé mi ò wòran. Ìyàwó mi ni mò ń wò."

"Màámi, ó ń gbọ́ yín. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ni ẹ̀rọ yẹn ń túmọ̀."

"Kó máa túmọ̀ rẹ̀."

Ìyáàfin Kaisa tẹ́ bébà kan síwájú mi lórí tábìlì tí mo ti ń ránṣọ. Àwòrán ojú eré ló wà níbẹ̀, ó rí gbọọrọ bí ẹyin. Wọ́n fi àmì pupa sí gbogbo ibi tí Awòye, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ara àwọn asáré, ti rí i tẹ́lẹ̀ pé Mojírádé, ìyàwó ọmọ mi, fẹ́ ṣubú. Láti àná, nínú eré mẹ́rin tó ti sá, Awòye ti rí ìṣubú rẹ̀ nígbà méjìlá. Kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Awòye kì í ṣe àṣìṣe tó pọ̀ báyìí," ni ẹ̀rọ náà wí. "Láti ìsinsìnyí lọ, bí iná pupa bá tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú eré kan tí ìwọ kò tẹ ìjánu, a óò yọ ọmọbìnrin náà. Bí ó bá ṣubú lẹ́yìn iná pupa, ìwọ ni yóò jẹ́jọ́. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi. Èmi náà lẹ fún ní ìwé ìyìn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn."

Ìṣọ̀lá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu ẹ́ńjìnnì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìwé ìyìn yẹn wà nílé mi ní Ṣakí níbí, mo fi ń bo ìkòkò omi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpẹẹrẹ rere ni mo jẹ́ fún gbogbo oníjàánu. Ohun tí mo ṣe kò ju pé iná pupa tàn, mo sì tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Àárín kọ́nà ni Ìṣọ̀lá wà nígbà náà. Alùpùpù eré yìí kò ní bíréèkì, jíà kan ṣoṣo ló ní, agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ló sì ń gbé e dúró nígbà tó bá ń fẹ̀gbẹ́ yọ́ nínú kọ́nà. Bí mo ṣe pa iná ẹ́ńjìnnì, táyà ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú, ó sì fi ọmọ mi sókè bí ẹni ju èèpo iṣu nù. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fọ́ yángá. Irin ni wọ́n fi ṣe èyí tó ń lò báyìí. Òfin ní mo gbà á là, òfin sì fún mi ní ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, Ìṣọ̀lá kò bá mi wí rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù.

Ìyáàfin Kaisa tún tẹrí ba, ó lọ sí àgọ́ àwọn ará Pólàǹdì. Mo fa aṣọ ìgùn Mojí mọ́ra, mo wọ okùn sí abẹ́rẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń rán aṣọ fún ẹgbẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èmi náà ni mo ń fọwọ́ ara mi rán ojú Awòye mọ́ ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ojú náà kò tóbi ju ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo bí ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń yí ló ń rí.

Lẹ́yìn àgọ́ wa, ìjókòó àwọn arúgbó ti kún dẹ́nu. Wọn kì í wá wòran, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń di ojú ni bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá gbọ́ ẹ́ńjìnnì ni. Láti ìgbà tí Òfin Ọwọ́ ti dé, ọwọ́ ènìyàn kankan kò gbọdọ̀ darí ọkọ̀ lójú títì mọ́. Àwọn ọkọ̀ ń wa ara wọn, wọ́n ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ológbò, ìlú sì pa rọ́rọ́ láti oṣù dé oṣù. Ọlọ́kadà ni bàbá mi, láti Ṣakí sí Ìṣẹ́yìn ló ń ná. Ọjọ́ tí wọ́n wá kó alùpùpù rẹ̀ lọ yọ́, ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ ná, ó nù ún gbẹ, ó tó gbé e fún wọn. Níbi eré yìí nìkan ni òfin ṣì fàyè ariwo sílẹ̀, ọjọ́ méjì lọ́dún, nínú ìlú kan ṣoṣo láyé, ìyẹn ìlú orílẹ̀-èdè tó bá wù wọ́n kó gbàlejò. Láti ọdún tó ń bọ̀ lọ, wọ́n ní ẹni tó bá gba ife lónìí ni yóò máa gbà á lálejò.

Mo yí aṣọ náà padà, mo rí ibi tó ti ya. Mo dá abẹ́rẹ́ dúró.

Orúnkún ọ̀tún ni.

Ẹni tó bá mọ eré yìí mọ̀ pé apá òsì ni kọ́nà ń yí sí. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ń fi bàtà irin wọ́ nílẹ̀, itan òsì àti ìgúnpá òsì ni aṣọ ti ń gbó. Nínú ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó gbé orúnkún ọ̀tún wá bá mi rí.

Mojí jókòó sórí àpótí kan, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń ju èèpo rẹ̀ sínú àṣíborí rẹ̀ aláwọ̀ aró. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i.

"Ìyàwó mi, kí ló ń jẹ ọ́ lórúnkún ọ̀tún?"

"Kò sí nǹkan, Màámi."

"Kò sí nǹkan kì í fa aṣọ ya. Ibo lò ń fi orúnkún gbo?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. "Ó máa ń kan ara alùpùpù ni, Màámi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀."

"Kí lò ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ fún?"

Ìṣọ̀lá ti sún mọ́ wa. Ó gbé bébà Ìyáàfin Kaisa, ó fi ìka tọ àwọn àmì pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú kan náà ni gbogbo wọn wà, lójú ibi tó tọ́, kí wọ́n tó wọ kọ́nà àkọ́kọ́. Òfin ló yan ìjókòó fún oníjàánu kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àmì méjèèjìlá náà ṣù jọ síwájú ìjókòó mi.

"Màámi," ni Ìṣọ̀lá wí, ẹ̀rín sì ti ń bọ̀ lọ́fun rẹ̀, "ó ń kúnlẹ̀ kí yín ni."

Ẹ̀rín pa á débi pé ó di tábìlì mú. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Ọmọbìnrin tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, tí iná ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, tí erùpẹ̀ ń bù ú lójú, ìyẹn náà ló tún ráyè kí ìyá ọkọ!

"Mojí, ṣé orí rẹ pé?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kì í jẹ́ kí n kọjá àgbàlagbà láì kí i. Ó ti mọ́ mi lára." Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Eré àkọ́kọ́ tí ẹ di ìjánu mi mú, mo rí ọwọ́ yín. Ó ń gbọ̀n. Mo ní kí n máa kúnlẹ̀ díẹ̀ bí mo bá dé iwájú yín, kí ẹ lè mọ̀ pé ara mi dá, pé mo mọ ibi tí mo wà. Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ yín kò gbọ̀n mọ́."

Òótọ́ ni. Mo ti rò pé àdúrà ló wò mí sàn.

Ẹ wò ó, nígbà tí wọ́n ní kí Mojí mú oníjàánu rẹ̀ wá lọ́dún yìí, Bùsúyì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́. Mọ̀lẹ́bí nìkan ni òfin gbà láti di ìjánu mú, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ti sá eré náà rí, torí irú wọn kì í tẹ̀ ẹ́ láéláé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìṣọ̀lá ọkọ rẹ̀ ni ì bá dì í mú. Bùsúyì kò sá eré rí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ le bí òkúta. Ilé ì báà jó, kò ní tẹ ìjánu. Mojí ní rárá, ìyá ọkọ òun ni òun fẹ́. Gbogbo Ṣakí ló fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní, ta ni kò mọ̀ pé ọwọ́ ìyá ọkọ ni ìjánu ìyàwó ti ń wà tẹ́lẹ̀? Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀, ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà mí.

Ọ̀gá Jíńádù, kóòṣì wa, wọlé sínú àgọ́ pẹ̀lú òógùn lójú. "A ti bá wọn dọ́gba!" ó wí. "Àwa àti Pólàǹdì. Eré kan ṣoṣo ló kù. Nínú Mojí àti ọmọkùnrin wọn tó dé àṣíborí funfun, ẹni tó bá ṣáájú ẹnìkejì ló gba ife." Ó rí ojú wa. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

A sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, mo sì rí i bí ìṣirò náà ṣe bà á lójú jẹ́.

"Ìyípo mẹ́rin ni eré. Kó tó dé ìparí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò kọjá níwájú yín. Ìkíni mẹ́ta, iná pupa mẹ́ta. Wọ́n á yọ wá nínú eré tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́!"

Ó sáré lọ bá Ìyáàfin Kaisa. A ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ògbufọ̀ náà láti ọ̀hún. Ó ní Awòye ti kẹ́kọ̀ọ́ lára ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn tó gun alùpùpù, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó tẹ orúnkún ọ̀tún bẹ́ẹ̀ tí kò ṣubú. Ó ní kò sí àyè fún ìkíni nínú Awòye. Ó ní wọn kì í ṣí ìjókòó oníjàánu nípò. Nígbà tí Ọ̀gá Jíńádù padà dé, kò wo Mojí, èmi ló wò.

"Ìyá Ìṣọ̀lá, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ló lè sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, kó má kí yín."

Mo lẹ aṣọ tuntun mọ́ orúnkún náà, mo já okùn, mo sì gbé aṣọ fún Mojí. Mo bá a fa ìdè ẹ̀yìn rẹ̀. "O gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́, Màámi."

"Má kí mi. Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe àìmọ̀wàáhù. Bóyá a óò tún gbọ́ ariwo yìí nílùú yìí, ọwọ́ rẹ ló wà. Ṣé o gbọ́?"

Ó ti dé àṣíborí. Ìṣọ̀lá ti ta iná sí alùpùpù, òórùn ọtí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń sáré ti gba gbogbo àgọ́, ariwo náà sì ti bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. Mojí mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì mọ̀ bóyá orí lásán ló mì. Bí ènìyàn bá ti dé àṣíborí, gbogbo orí á di ọ̀kan náà.

Mo lọ jókòó síbi tí òfin yàn fún mi. Ìjánu wà lọ́wọ́ mi, ó dà bí ọwọ́ orógùn kékeré, bọ́tìnnì kan ló wà lórí rẹ̀. Iná Awòye wà lókè orí mi lórí òpó, tí gbogbo pápá lè rí i. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti kọjú sí wa. Ọ̀gá Jíńádù dúró lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Àwọn mẹ́rin tò sẹ́yìn okùn. Okùn fò sókè, wọ́n bú jáde, ilẹ̀ sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ bí àwọn arúgbó ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó mu omi tútù. Ọmọ Pólàǹdì ló kọ́kọ́ wọ kọ́nà, Mojí tẹ̀lé e, àwọn méjì yòókù wà lẹ́yìn. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ yọ́, erùpẹ̀ pupa tú sókè lẹ́yìn táyà wọn, wọ́n yípo, wọ́n ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Mojí dé iwájú mi. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Iná pupa tàn.

"Ọ̀kan," ni Ọ̀gá Jíńádù wí. "Áà, ọmọ yìí!"

Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó dùn. Wọ́n tún yípo. Mojí ti sún mọ́ àṣíborí funfun náà débi pé táyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó dé iwájú mi, ó tún kúnlẹ̀ kí mi. Iná pupa tàn.

"Méjì! Ìyá Ìṣọ̀lá, ṣé ẹ sọ fún un ni?"

"Mo sọ fún un."

Nínú ìyípo kẹta, Mojí gba ìta kọ́nà. Ọ̀nà tó gùn ni, kò sẹ́ni tó ń gbà á, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni erùpẹ̀ tí táyà lè dì mú wà. Ó kọjá láàárín erùpẹ̀ tí ọmọ Pólàǹdì ń tú sẹ́yìn, mo sì rí i kedere tí ògúlùtu kan, tó tó ìkúùkù, fò bà á níwájú àṣíborí. Orí rẹ̀ gbá sẹ́yìn bí orí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nígbà tí wọ́n jáde ní kọ́nà náà, òun ló wà níwájú. Gbogbo pápá dìde. Orí rẹ̀ ti dúró padà, ṣùgbọ́n ó dúró gbọin, kò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì. Ó wọ kọ́nà kejì, ó jáde, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Ó kọjá lójú mi. Orúnkún rẹ̀ kò wálẹ̀. Orí rẹ̀ kò tẹ̀. Ó kọjá bí àjèjì. Iná tó wà lókè orí mi tutù minijọ, ó ní àwọ̀ ewé.

"Ó ti gbọ́ràn!" ni Ọ̀gá Jíńádù pariwo. "Ọlọ́run ṣeun, ó ti gbọ́ràn!"

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìṣọ̀lá ti sọ fún mi rí pé bí ènìyàn bá wà lórí alùpùpù yẹn, kì í rántí orúkọ ara rẹ̀. Ta ni yóò wá máa ka iná? Ọmọ tó kí mi lẹ́ẹ̀kíní, tó kí mi lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí mo ní kó má kí mi, kí ló dé tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta? Odindi ọdún mẹ́jọ ló ti wà nílé mi, bí mo bá ní kó fi ẹrù sílẹ̀, yóò gbé e. Bí mo bá ní kó má gbálẹ̀, yóò gbá a. Ògúlùtu yẹn sì bà á. Mo ti rí ọkùnrin kan rí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń sáré lẹ́yìn tí iyè rẹ̀ ti lọ. Ó sáré tààrà wọ inú ògiri, iná rẹ̀ ní àwọ̀ ewé títí ó fi débẹ̀, torí ara rẹ̀ kò mì rárá.

Láti ibi tí mo jókòó sí títí dé kọ́nà, kò ju kí ènìyàn sẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Lójú ibi tó tọ́, bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, alùpùpù yóò kàn rọra yí lọ ni. Bí mo bá dúró kó wọ kọ́nà, èmi náà ni màá tún fì í sókè bí mo ti fi ọkọ rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ́ńjìnnì Mojí dákẹ́. Àwọn mẹ́ta yòókù kọjá lára rẹ̀, ariwo wọn ń jìnnà lọ, òun sì ń yí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ó fi wọ inú koríko tó wà láàárín pápá. Kò ṣubú. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Lẹ́yìn náà, ó yíjú, ó wò mí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni.

Ọmọ Pólàǹdì parí eré, wọ́n ń gbé e jó ní àgọ́ wọn. Lẹ́yìn wa, àwọn arúgbó ń la ojú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan tí òun àti bàbá mi jọ gun ọ̀kadà rí béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ó ti tán ni? Ṣé ó tán nìyẹn?" Mi ò lè wo ẹ̀yìn.

Ọ̀gá Jíńádù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àwọ̀ ewé ni, Ìyá Ìṣọ̀lá," ó wí, omijé sì wà lójú rẹ̀. "Ẹ wò ó. Àwọ̀ ewé ni." Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi.

Ìyáàfin Kaisa dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. "Iná kò pupa. Ìwọ tẹ ìjánu. Kí ni ìdí?"

"Kò kí mi," mo wí.

Ìyáàfin Kaisa tẹ́tí, ó ń dúró. Ó pẹ́ kí ẹ̀rọ tó sọ gbólóhùn kúkúrú kan fún un. Ó wò mí, ó mú bébà alámì pupa jáde, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, kò sì kọ ohun kankan sílẹ̀. Ó tẹrí ba fún mi ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, ó sì kúrò níwájú mi láì jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ nǹkan kan.

Mojí ń ti alùpùpù rẹ̀ bọ̀ láàárín pápá. Gbogbo ojú ló tẹ̀lé e. Ìṣọ̀lá tiro lọ pàdé rẹ̀, ó gba alùpùpù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká fún ìṣẹ́jú kan. Mojí dá wá bá mi. Ó ti bọ́ àṣíborí. Erùpẹ̀ kún ojú rẹ̀, omijé ti la ọ̀nà méjì níbẹ̀.

"Ẹ ní kí n má kí yín, Màámi."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kíní. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo rántí, mo fi gbogbo agbára mi di orúnkún mú."

"Ògúlùtu bà ọ́ lórí. Mo rí i."

"Ó bà mí. Kò ṣe mí ní nǹkan."

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò lè mọ̀, Màámi."

Ojú tì mí, ó sì dùn mí dé egungun. Mo ti pa ẹsẹ̀ ọmọ mi torí pé mo gba ẹ̀rọ gbọ́, mo sì ti pa ife ìyàwó mi torí pé mi ò gbà á gbọ́. "Ìyàwó mi, fi orí jì mí," mo wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí wọ́n bá tún eré yẹn sá nísinsìnyí, tí o kọjá mi bẹ́ẹ̀, màá tún tẹ̀ ẹ́."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo mọ̀. Bó bá jẹ́ Bùsúyì ni, à bá ti gba ife. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo mú yín." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tí yóò mọ̀ bí iyè mi ò bá sí níbẹ̀ mọ́ ni mo wá, kódà bí iná bá ní mo wà níbẹ̀."

Ó gbé àṣíborí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Níwájú gbogbo ayé, ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì nínú erùpẹ̀ pupa, pẹ̀lú aṣọ tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti ọ̀tún.

"Ẹ kú ìjókòó, Màámi," ó wí. "Ẹ̀kẹta rèé."

Wọn ò tíì pa Awòye. Lókè orí wa, iná pupa tàn, ó ní ìyàwó mi fẹ́ ṣubú. Mo gbé ìjánu sílẹ̀ kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde.